Tábìlì Aago

Tábìlì náà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dúró wò. Pákó pẹlẹbẹ ni lórí ẹsẹ̀ irin tó ṣeé ká, irú èyí tí àwọn tó ń ta káàdì ìpè máa ń gbé sí etí títì ní Adjamé, ní Abidjan. Àga ike méjì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí igi bá wà nítòsí, abẹ́ igi ni wọ́n ń gbé e sí. Bí kò bá sí, agboòrùn ńlá kan ni wọ́n á ta sórí rẹ̀, torí oòrùn Côte d'Ivoire kì í bọ̀wọ̀ fún adájọ́. Ike omi kan wà nílẹ̀. Bébà wà lórí pákó náà, òkúta sì wà lórí bébà kí atẹ́gùn má baà gbé e. Láàárín gbogbo rẹ̀ ni aago jókòó sí, ó kọjú sí ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà bọ̀. Ìdí tábìlì yìí ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìyà tí awakọ̀ ń jẹ nínú ràlì, ìdíje ọkọ̀ lójú ọ̀nà, ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ọkọ̀ tó dé ibẹ̀, á kọ́kọ́ bá pátákó aláwọ̀ ìyeyè kan pàdé, wọ́n ya aago sí i lára. Nǹkan bíi mítà 25 síwájú sí i ni pátákó kejì wà. Aago kan náà ni wọ́n yà síbẹ̀, àmọ́ pupa ni tirẹ̀, ẹ̀gbẹ́ pupa yìí sì ni tábìlì wà. Lẹ́yìn ìyẹn ni pátákó kẹta, tó ní ìlà mẹ́ta tó dá bùú, tó ń sọ fún awakọ̀ pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ aago títí dé tábìlì mìíràn. Àárín ìyeyè sí pupa, ilẹ̀ tí kò gùn tó iwájú ilé ọlọ́jà kan ní Treichville, ni mo fẹ́ ká wò dáadáa. Ọkọ̀ tó ti ń sáré bí ẹni tí oyin ń lé láti àárọ̀ á dé etí ibẹ̀, á sì dúró jẹ́jẹ́ bí ìyàwó tuntun.

Èèyàn méjì ló ń wà nínú ọkọ̀ ràlì. Ọ̀kan ń wa ọkọ̀, èkejì ń ka ọ̀nà fún un. Ẹnì kejì yìí, atọ́nà, ni káàdì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bébà líle ni káàdì náà, ó ní àlàfo tó ń dúró de wákàtí àti ìṣẹ́jú láti tábìlì kan dé òmíràn. Ká ní ìṣirò fi hàn pé aago 6:12 ìrọ̀lẹ́ ni tiwọn. Bí wọ́n bá dé ní 6:05, ẹ̀yìn ìyeyè ni wọ́n á wà, ẹ́ńjìnnì á máa kùn, awakọ̀ á máa nu ojú. Atọ́nà á bọ́ sílẹ̀, á fẹsẹ̀ rìn lọ wo aago orí tábìlì, á fi wé ti ọwọ́ rẹ̀, á tún padà. Tí ó bá ku ìṣẹ́jú kan, wọ́n lè wọlé sí àárín ìyeyè àti pupa, síbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tíì na káàdì. Àkókò tí káàdì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó jókòó ni òfin ń kà, kì í ṣe àkókò tí táyà dúró. Láti 6:12 géérégé títí di ìgbà tí ọwọ́ aago bá fẹ́ wọ 6:13, kò sí ìyà. Ìṣẹ́jú-àáyá kan lẹ́yìn rẹ̀, ìyà ti dé. Mi ò mọ ibòmíràn láyé tí àgbàlagbà méjì ti ń na bébà síra wọn pẹ̀lú ìpayà tó tó bẹ́ẹ̀, àfi bóyá iwájú òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè.

Ohun tó wù mí jù nínú òfin yìí, bí wọ́n ṣe ń lò ó nínú ràlì àgbáyé lónìí, ni pé ẹni tó yá jù ń jìyà ju ẹni tó pẹ́ lọ. Ìṣẹ́jú kan tó o bá fi pẹ́, ìṣẹ́jú-àáyá 10 ni wọ́n á fi kún tìẹ. Ìṣẹ́jú kan tó o bá fi yá, odindi ìṣẹ́jú kan ni wọ́n á bù lé ọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó pẹ́ la máa ń bú. Ta ló ti bú àlejò rí torí pé ó tètè dé? Àmọ́ ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ṣe kedere. Ọ̀nà tó wà láàárín tábìlì kan sí òmíràn, ọ̀nà gbogbo ayé ni. Ọmọ iléèwé ń rìn níbẹ̀, ewúrẹ́ ń sọdá, ìyá tó ru igi ìdáná ń bọ̀ láti oko. Bí o bá fi ìṣẹ́jú mẹ́rin yá débẹ̀, ó ní ẹni tó o fi eruku bò lójú lọ́nà. Àwọn awakọ̀ náà, bí ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ tí wọ́n jẹ́, ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìyà yìí ra ọjà. Lórí ilẹ̀ eléruku, ọkọ̀ tó kọ́kọ́ jáde ló ń gbá ọ̀nà fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn kan ti mọ̀ọ́mọ̀ jókòó sẹ́yìn ìyeyè rí, tí wọ́n ń jẹ ìyà ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ipò wọn lórí ìlà lè yí padà, kó sì rọrùn fún ẹlẹgbẹ́ wọn. Aago rí wọn, kò sì lè sọ nǹkan kan, wọ́n ṣáà san owó rẹ̀.

Ràlì Bandama ni tábìlì yìí ti di ọba. Jean-Claude Bertrand, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ń gbé Abidjan, ló dá a sílẹ̀ ní 1969. Odò tó gùn jù ní Côte d'Ivoire ló fi sọ ọ́, odò tó rìn nǹkan bíi kìlómítà 800 láti àríwá kó tó wọ òkun ní Grand-Lahou. Bertrand yìí náà ló gbé ìdíje Abidjan sí Nice kalẹ̀, èyí tí Thierry Sabine gun alùpùpù nínú rẹ̀ ní 1977, tó sọnù sínú aṣálẹ̀, tí ìsọnù náà sì bí èrò ìdíje Paris-Dakar sí i lọ́kàn. Ẹni tó bá mọ irú ọkùnrin tó lè fi awakọ̀ ránṣẹ́ láti ọ̀sà Ébrié lọ sí etí òkun Faransé, kò ní yà á lẹ́nu pé òfin Bandama le.

Nínú ràlì ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n máa ń sé àwọn ojú ọ̀nà kan pa, kí wọ́n tó wọn eré awakọ̀ níbẹ̀. Bandama ayé ìgbà náà kò sé nǹkan kan. Ọ̀nà tí ọkọ̀ akérò ń gbà, tí àwọn ọkọ̀ agégẹdú àti ọkọ̀ kòkó ń gbà, òun náà ni wọ́n ń sáré lórí rẹ̀, tọ̀sán tòru, fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà. Ní gúúsù, igbó kìjikìji àti oko kòkó ni, ẹrẹ̀ ibẹ̀ sì ń gbé táyà mì. Ní àríwá, ọ̀dàn tó lọ salalu ni, ilẹ̀ rẹ̀ pupa bíi ti ọ̀nà oko Èjìgbò nílẹ̀ Yorùbá lásìkò ọyẹ́, eruku á rú sókè, kò ní tètè sọ̀kalẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á máa wa ọkọ̀ bí ẹni tó ń wa ọkọ̀ nínú àpò èlùbọ́. Níbi tí ọ̀nà bá ti burú jù, àkókò tí wọ́n fún awakọ̀ láti tábìlì kan dé èkejì kéré débi pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé òun kò lè bá a. Ìdí tí wọ́n sì fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ènìyàn ló máa pẹ́. Ìṣẹ́jú kan tó o bá fi pẹ́, ìṣẹ́jú kan ìyà. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ ìkẹyìn, wọ́n á ro gbogbo ìyà yẹn pọ̀, wákàtí lórí wákàtí, ẹni tí ìyà rẹ̀ kéré jù ni wọ́n á sì gbé ife fún.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ìyẹn díẹ̀. Kò sí aláìlẹ́bi níbẹ̀. Ìwé àbájáde Bandama kì í ṣe ìwé eré, ìwé ẹ̀ṣẹ̀ ni, wọ́n tò ó láti orí ẹni tí tirẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹni tí tirẹ̀ wúwo, olúborí náà sì wà lórí ìwé ọ̀hún pẹ̀lú gbèsè tirẹ̀ lọ́rùn.

Amẹ́ríkà kò rí i bẹ́ẹ̀. Nínú ìdíje NASCAR tiwọn, níbi tí ọkọ̀ tó jọ ti ojú títì ti ń yí po lórí pápá ọ̀dà, ìyà jẹ́ ohun tó ń já bọ́ lé ẹnì kan lórí láàárín àwọn tó kù. Ìdíje wọn àkọ́kọ́ fún irú ọkọ̀ yìí, ní Charlotte ní oṣù kẹfà 1949, Glenn Dunaway ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n yẹ abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n bá irin sípíríǹgì tí àwọn tó ń kó ọtí òfin-kò-gbà ti lò láti fi gbé ẹrù, wọ́n sì gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀ fún Jim Roper. Ní 2022 ní Pocono, Denny Hamlin àti Kyle Busch ṣe ipò kìíní àti ìkejì. Wọ́n bó ohun tí wọ́n fi wé iwájú ọkọ̀ wọn, wọ́n bá ẹ̀là téèpù níbi tí kò yẹ kó wà, wọ́n lé àwọn méjèèjì, Chase Elliott tó ṣe ìkẹta ló mú ife lọ sílé. Èyí tó ń dùn mí jù nínú tiwọn ni ti Carl Long. Awakọ̀ tí kò lówó ni. Ní 2009, ẹ́ńjìnnì tí òfin ní kò gbọ́dọ̀ ju 358 kúbíìkì íǹṣì lọ, tirẹ̀ jẹ́ 358.17. Ohun tó fi lé kò kún ṣíbí tíì. Dọ́là 200,000 ni wọ́n dá fún ikọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn. Wọn ò rí i san, ilẹ̀kùn ìdíje ńlá NASCAR sì wà ní títì mọ́ ọn títí di 2017.

Aago Bandama kò gba owó. Bóyá Mercedes ló gbé ọ wá láti Jámánì ni o, bóyá ìwọ àti àbúrò rẹ lẹ rọ Peugeot yín ní gáréèjì kan ní Yopougon, ìṣẹ́jú kan ni ìṣẹ́jú kan. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á bi mí bóyá ọlọ́rọ̀ kò rọ́nà mìíràn gbà. Ó rí i. Ní 1979, Mercedes kó ọkọ̀ 450 SLC wá sí Bandama, ọkọ̀ tó yẹ kí mínísítà máa gbé lọ sí ọ́fíìsì ní Plateau, gíà rẹ̀ sì ń yí fúnra rẹ̀. Ipò kìíní, ìkejì, ìkẹta àti ìkẹrin ni wọ́n kó lọ. Hannu Mikkola ló borí, Björn Waldegård sì ṣe ìkejì. Ipò ìkejì yẹn tó fún Waldegård láti fi àmì kan ṣoṣo gba adé àgbáyé ọdún náà mọ́ Mikkola lọ́wọ́. Ẹni tí ìyà rẹ̀ kéré jù ní Abidjan ló pàdánù ayé.

Tábìlì kò sì mọ ẹkún. Ní 1982, Michèle Mouton dé Abidjan, ó kù díẹ̀ kó di obìnrin àkọ́kọ́ tó máa gba adé awakọ̀ àgbáyé. Bàbá rẹ̀ kú bí ràlì ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ síbẹ̀. Audi rẹ̀ ló wà níwájú fún ọjọ́ púpọ̀, kó tó di pé gíà bàjẹ́. Títún gíà ṣe lẹ́bàá ọ̀nà kò lòdì sófin. Mẹkáníìkì á dùbúlẹ̀ nínú eruku, wọ́n á fà á, wọ́n á rọ̀ ọ́, ẹnikẹ́ni kò ní bá wọn wí. Àmọ́ aago ń ka gbogbo rẹ̀ níbi tó jókòó sí lọ́ọ̀ọ́kán, kò rí gíà, kò rí omijé. Gbogbo ohun tó fi ṣíwájú ni ìyà jẹ tán. Níbi tó ti ń lé ohun tó sọnù, ọkọ̀ gbókìtì. Walter Röhrl, nínú Opel, gba ràlì, ó sì gba adé.

Tábìlì ní àbùkù kan: ojú ara rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Láti tábìlì kan dé òmíràn, igbó ni, kò sí ẹni tó rí ohun tí ọkọ̀ ń ṣe níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ayẹyẹ mìíràn fi máa ń wáyé kí ràlì tó gbéra. Àwọn aṣàyẹ̀wò á tẹrí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fi àmì sára ẹ́ńjìnnì, wọ́n á fi àmì sára ọkọ̀, ohun tó bá gba kí wọ́n fi wáyà dè, wọ́n á dè é, wọ́n á sì fi òjé tẹ̀ ẹ́ pa. Bí wọ́n ṣe fi àmì sí i yẹn ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ṣe dé. Yorùbá tó bá wòran níbẹ̀, tó sì ti rí ẹni tó fi ẹnu kan ọ̀bẹ ní kóòtù rí, á mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: irin ni wọ́n ń fi búra. Lójú tèmi, Ògún nìkan ni ẹlẹ́rìí tó lè bá ọkọ̀ wọ igbó.

Ní 1985 ni igbó náà di ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ́ńjìnnì Audi tí Mouton ń wà ń ṣàìsàn. Ọkọ̀ Audi kejì wà nínú ìdíje kan náà, tí Franz Braun ń wà, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa tẹ̀ lé e pẹ̀lú irin iṣẹ́. Wọ́n ní ọkọ̀ méjèèjì dúró síbi kan tí ojú kò tó, pé èyí tó ń rú èéfín kí wọ́n tó dúró kò rú u mọ́ nígbà tó jáde, àti pé ọkọ̀ kejì kò tún bá ìdíje lọ mọ́. Ìfura bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn oníròyìn àti àwọn ikọ̀ tó kù pé wọ́n ti pààrọ̀ ara ọkọ̀. Audi ní irọ́ ni. Kò sí ẹni tó fi ẹ̀rí kan lé tábìlì, kò sì sí ẹni tó jìyà lórí rẹ̀. Ọkọ̀ Mouton fúnra rẹ̀ kò parí ràlì. Juha Kankkunen gba ife nínú Toyota, ọdún kan náà tó gba ràlì Safari ní Kẹ́ńyà. Mi ò lè dá ẹjọ́ tí wọn kò gbé dé kóòtù. Síbẹ̀ mo ṣàkíyèsí pé ní ràlì tí wọ́n ti ń ka ìṣẹ́jú mọ́ èèyàn lọ́rùn, ìtàn tí àwọn èèyàn kò yéé sọ ni ti ìṣẹ́jú tí ẹnikẹ́ni kò rí kà.

Bandama wà lára ìdíje àgbáyé láti 1978 títí di 1992. Alain Ambrosino, Faransé tó ń gbé Côte d'Ivoire, tó mọ ọ̀nà ibẹ̀ bí ẹní mọ ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, gbà á ní 1988. Lẹ́yìn 1992, ìdíje àgbáyé kò tún gba ibẹ̀ mọ́, ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n wá ka Bandama mọ́. Àwọn ọmọ Èjìgbò tó kún Treichville àti Adjamé kò pàdánù oorun nítorí ìyẹn. Gbàkà, ọkọ̀ akérò Abidjan, ń sáré ju ràlì lọ lójú wọn, kò sì sí tábìlì tó lè dá gbàkà dúró.

Àmọ́ ti 1972 ni mo máa ń rò jù. Nígbà náà, Bandama kò tíì wọ ìdíje àgbáyé. Ìwọ̀n eré tí Bertrand ní kí ọkọ̀ máa bá dé tábìlì ga ju ohun tí ọ̀nà lè gbà lọ. Òfin sì ní òpin: bí ìyà ẹnì kan bá ju iye kan lọ, wọn kì í kọ ìṣẹ́jú fún un mọ́, wọ́n á gba káàdì lọ́wọ́ rẹ̀ ni, ó di ilé. Wọ́n gbéra ní Abidjan, Peugeot, Datsun, àwọn awakọ̀ tó ti jagun lórí ọ̀nà Safari. Ọ̀nà mú àwọn kan, irin wọn kán, táyà wọn bẹ́. Aago mú àwọn kan. Wọ́n ń dín kù láti tábìlì dé tábìlì, títí kò fi ku ẹyọ kan. Kò sí ọkọ̀ tó parí.

Mo máa ń fojú inú wo tábìlì tó kẹ́yìn, èyí tó ń dúró dè wọ́n. Pátákó ìyeyè ti wà nílẹ̀, pátákó pupa ti wà nílẹ̀. Ẹni tó jókòó ti gbé bírò rẹ̀ lé bébà, ó gbọ́ ìró ọkọ̀ kan lọ́ọ̀ọ́kán, ó dìde, ọkọ̀ akẹ́rù ni. Aago ń lọ. Nígbà tó yá, wọ́n ká ẹsẹ̀ tábìlì, wọ́n da omi tó ṣẹ́ kù sílẹ̀, wọ́n gbé agboòrùn sínú búùtù. Títí di òní, ẹni tó bá wo àkójọ àwọn tó gba ife Bandama á rí ọdún 1972 níbẹ̀, kò sì ní rí orúkọ kankan níwájú rẹ̀.